Kò Tíì Kú, Omi Ló Ń Wá: Ìtọ́jú Tàràńtúlà Tí A Pa Tì

Ìgbálẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí aláǹtakùn máa ń bá pàdé nínú ilé Yorùbá. Bí ó bá ta okùn sí kọ̀rọ̀ àjà, a ó gbá a dànù. Bí ó bá sáré kọjá lára ògiri, bàtà ni a ó fi lé e. Àwọn Akan ilẹ̀ Gánà sọ ọ́ di akọni inú àlọ́, Ananse ni wọ́n ń pè é. Ní tiwa, Ìjàpá ni a gbé ipò yẹn fún, a sì fi aláǹtakùn sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún ilé ṣe. Nítorí náà, bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń sin aláǹtakùn nínú ike, tí wọ́n ń bu omi fún un, tí wọ́n sì ń wá aáyán kiri fún un jẹ, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á.

Kì í ṣe aláǹtakùn tín-ín-rín inú ilé ni mo ń wí. Tàràńtúlà ni: aláǹtakùn onírun lára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè bo àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé lé ní 1,000. Orúkọ náà wá láti ara ìlú Taranto ní gúúsù Ítálì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláǹtakùn mìíràn, tí kò tóbi tó o, ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Àwọn ará ibẹ̀ gbàgbọ́ láyé àtijọ́ pé ijó àjólàágùn ni oògùn ẹni tí aláǹtakùn náà bá bù jẹ. (Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní dùndún ni, bóyá gbogbo ìlú ìbá ti rí ìwòsàn.)

A ní tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Heteroscodra maculata, tí ara rẹ̀ funfun bí eérú tó sì ní àmì dúdú tótòtó, ń gbé orí igi ní Tógò, Gánà àti agbègbè wọn. Stromatopelma calceatum náà ń gbé orí igi, ó sì fẹ́ràn ọ̀pẹ. Àwọn Hysterocrates ni ti inú ilẹ̀: àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ní, wọ́n máa ń gbẹ́ ihò jíjìn, wọ́n sì wà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ẹni tó bá ń sọ pé òyìnbó ló kó irú ẹranko yìí wá bá wa kò tíì wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí agbègbè tí mo mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1983 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń háyà yàrá ní Ìyànà-Ìbà, ní Okókomáíkò, títí wọ inú ìlú Ìbà. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ̀, onílé kì í sì í fẹ́ ajá tó ń gbó lóru. Ẹranko tí kì í gbó, tí kì í rùn, tó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ike kan ṣoṣo sì gbà, kò lè ṣàì wu ẹlòmíràn nínú wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé abo tàràńtúlà lè lo ọdún 15, ó lè lo 20, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kò ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Sáà ẹ̀kọ́ yóò parí. Ìyanṣẹ́lódì yóò dé. Owó ilé yóò tán. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò di ẹrù rẹ̀ lọ sílé, yóò sì ti ike náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé òun ń bọ̀ láìpẹ́.

Ẹ wá wò ó bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sílẹ̀ fún. Ẹ ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ooru yàrá náà sì rọ́ lù yín. Abọ́ omi rẹ̀ ti gbẹ, erùpẹ̀ inú ike ti gbẹ háúháú, ikùn ẹranko náà ti sún kì, ó sì ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sábẹ́ ara bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ṣe ni pé wọn yóò gbé ike náà lọ sí àkìtàn, wọn yóò sì tẹ ọ̀rẹ́ wọn láago pé, “Má bínú, nǹkan rẹ yẹn ti kú o.” Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbé kálámù ni pé ó ṣeé ṣe kí ó má tíì kú.

Ẹsẹ̀ tàràńtúlà kò rí bíi tiwa. Àwa ní iṣan tó ń ká orúnkún, a sì ní iṣan tó ń nà án. Aláǹtakùn ní iṣan tó ń ká ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn oríkèé tó ṣe pàtàkì jù, kò ní èyí tó ń nà án. Omi ara rẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló máa ń tì wọ inú ẹsẹ̀ kí ó tó lè nà. Ẹ ti rí rọ́bà omi níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ rí. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, rọ́bà á rọ̀ jọwọlọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí omi sì sáré wọ inú rẹ̀, á le, á nà gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ yìí. Nígbà tí omi bá dín kù lára tàràńtúlà, iṣan tó ń ká ẹsẹ̀ ló máa ń borí, ẹsẹ̀ á sì wọ abẹ́ ara. Òkú náà máa ń ká ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ ti dúró. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tan ènìyàn jẹ. (Ẹ̀jẹ̀ náà kì í tilẹ̀ ṣe pupa bíi tiwa. Bàbà ló wà nínú rẹ̀ níbi tí irin wà nínú tiwa, ó sì máa ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀.)

Omi ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ má ṣe ju aáyán sí i. Ẹranko tí kò lè na ẹsẹ̀ kò lè ṣọdẹ, kòkòrò tí a sì fi síbẹ̀ pé kó jẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òun gan-an. Ẹ bu omi tí ènìyàn lè mu sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí kò jìn, ìdérí ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ ń ṣe é. Ẹ fi páálí fẹ́lẹ́ tàbí ṣíbí gbé ẹranko náà, kì í ṣe ọwọ́. Ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ níwájú, láàárín eyín rẹ̀ méjèèjì; ibẹ̀ ni kí omi ti kàn án. Kí ikùn rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí abẹ́ ikùn ni ohun tó fi ń mí wà. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì tò bí ojú ìwé. Bí omi bá bò wọ́n, ẹ ti rì í. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lè lo sírínjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀: kí ó kán ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sí ìdí eyín náà, kí ó dúró, kí ó tún kán òmíràn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dé ike, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, kí ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Fífi í lọ́rùn sílẹ̀ yìí ló nira jù fún ọmọ ènìyàn. A máa ń fẹ́ ṣí ike ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, a máa ń fẹ́ tọ́ ọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ láti wò ó bóyá yóò mira, a tún máa ń fẹ́ ya fídíò. Bí ó bá jẹ́ òùngbẹ nìkan ló ń ṣe é, ẹsẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì gbáko kí ẹ tó sọ pé ó ti kú. Òkú kò ní pẹ́ sọ ara rẹ̀: yóò máa rùn.

Àwọn kan ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sínú ike kékeré tí wọ́n tẹ́ tíṣù tútù sí, wọn á sì dé e pa kí ọ̀rinrin má jáde. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni ní Èkó nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru wa àti ọ̀rinrin wa ti tó. Ike tútù tí kò ní ihò, nínú yàrá tí iná ti lọ tí fáànù kò sì yí, kò yàtọ̀ sí ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Ohun tó bá sì wà nínú rẹ̀, bí kò bá jinná, funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni yóò bò ó. Omi lẹ́nu, atẹ́gùn lára: kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì fi kàn-ìn-kàn-ìn tàbí fóòmù sínú abọ́ omi rẹ̀ bí mo ti ń rí i nínú àwòrán; ìdọ̀tí ni yóò máa kó jọ síbẹ̀.

Ohun kejì tó ń mú kí wọ́n máa gbé tàràńtúlà alààyè sọnù ni bíbọ́ awọ. Bí ejò ṣe ń bọ́ awọ kó lè dàgbà ni òun náà ń ṣe, àmọ́ tirẹ̀ le ju ti ejò lọ, nítorí pé awọ náà ni egungun rẹ̀. Ó lè má jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ náà tó pé, àgbà mìíràn tilẹ̀ lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, ikùn rẹ̀ á dúdú, yóò sì lọ́ra láti rìn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ó bá tó àkókò, yóò ta okùn bí ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, yóò sì sùn lé e lórí ní ìdoríkodò, ẹ̀yìn nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè.

Aáyán ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó ń ṣi wá lọ́nà níbí. Aáyán tó bá na ẹsẹ̀ sókè ti kú, a kàn máa gbá a ni. Ti tàràńtúlà yàtọ̀: èyí tó bá ń kú máa ń dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíká, èyí tó bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ ń bọ́ awọ ni. Ẹ má yí i padà. Ẹ má fọ́n omi sí i, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má ràn án lọ́wọ́ láti fa ẹsẹ̀ yọ. Iṣẹ́ náà lè gba wákàtí mélòó kan. Bí ó bá parí, ẹ ó rí ohun méjì nínú ike, ẹ ó sì rò pé ó ti bí ìkejì, títí ẹ ó fi rí i pé èkíní ṣófo. Ara rẹ̀ yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, eyín rẹ̀ yóò sì funfun. Eyín funfun yẹn kò lè gún nǹkan kan. Ó di ìgbà tí ó bá dúdú, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Bí aáyán tàbí ìrẹ̀ bá wà nínú ike náà tẹ́lẹ̀, ẹ tètè mú un jáde, kí ó má baà jẹ onílé mọ́ inú ilé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá há sínú awọ àtijọ́ tí gbogbo ìyókù sì ti jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó rin kàn án níbẹ̀ kí ó rọ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá tilẹ̀ gé, ayé kò parí; yóò tún hù nígbà tí ó bá bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i tàbí lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo bẹ̀rù jù fún tàràńtúlà tó ń gbé ní Okókomáíkò, n kò ní sọ òùngbẹ, n kò sì ní sọ awọ. Oògùn apakòkòrò ni. Ilẹ̀ agbègbè wa rọ̀, omi máa ń dúró, ẹ̀fọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹnì kan á fín yàrá, ẹnì kan á tan kọ́ìlì, ẹlòmíràn á wọ́n ota-pia-pia sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Oògùn tí wọ́n ṣe láti pa kòkòrò kò ní bi aláǹtakùn léèrè bóyá ọ̀sìn ni. Nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí àjà kan náà sì bo gbogbo wa, èyí tí aládùúgbò fín yóò gba òkè wọlé wá. Ìkejì tún burú jù ú lọ: aáyán tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ jáde láti ilé ìdáná, tí ó rọrùn láti mú, ó rọrùn láti mú nítorí pé ó ti jẹ májèlé ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ sínú ike ti bu májèlé sí abọ́ oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́ǹgà tí a mú nínú oko ẹ̀fọ́ etí títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, nítorí àwọn àgbẹ̀ náà ń fín oko wọn.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀. Ẹranko náà á máa gbọ̀n, á máa rìn bí ọ̀mùtí, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa lọ sí ìhà tirẹ̀, yóò sì máa ṣubú dà sẹ́yìn. Àwọn tó ń sin ín lókè òkun ní orúkọ gígùn fún un, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí gbogbo ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò ni ọ̀pọ̀ wọn ń fura sí. Kò ní oògùn ìwòsàn. Ẹ gbé e kúrò nínú ike náà, ẹ da gbogbo erùpẹ̀ rẹ̀ nù, ẹ fi ọṣẹ fọ ike kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ fún un lómi, ẹ gbé e sí yàrá tí atẹ́gùn tó mọ́ ti ń wọlé, kí ẹ sì máa wòye. Òmíràn máa ń yè é. Ọ̀pọ̀ kì í yè é.

Kò sí ẹni tó ní kí ẹ torí aláǹtakùn gba ẹ̀fọn láyè. Ibà ń pa ènìyàn. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin àti fún òun. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ fín yàrá, kí ike kọ́kọ́ jáde, kí ó má sì padà wọlé títí òórùn oògùn náà yóò fi lọ pátá. Fún oúnjẹ, ìrẹ̀ tàbí aáyán tí a tọ́ dàgbà fúnra wa nínú ike mìíràn ló dára jù. Mo mọ̀ pé ìyá yín kò ní fẹ́ gbọ́ pé ẹ ń sin aáyán.

Ìṣubú náà ń pa wọ́n. Ikùn wọn wúwo, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Láti orí tábìlì sílẹ̀ ti tó láti bẹ́ ẹ. Nítorí náà, kí èyí tó ń gbé inú ilẹ̀ má ṣe wà nínú ike gíga tí erùpẹ̀ rẹ̀ kéré. Háhá àgbọn tí a gún kúná dára fún ilẹ̀ ike, kò sì ní wọ́n ẹni tó ń gbé ọ̀nà Àgbádárìgì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára ẹsẹ̀, ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo tó kúná sójú ọgbẹ́ kí ó lè dì. Ẹ má kan oògùn ènìyàn sí i, ẹ má sì bu àgbo fún un, bó ti wù kí àgbo náà ṣiṣẹ́ fún yín tó.

Àrùn kan wà tí n kò ní fi ìrètí èké tàn yín nípa rẹ̀. Aláìsàn náà á kọ oúnjẹ, á máa rìn lórí ọmọ ìka bí ẹni tó ń yọ́ wọlé lóru, ohun funfun kan á sì gbá jọ sí àyíká ẹnu rẹ̀. Aràn ni, ó kéré púpọ̀. Ní ọdún 2022, Adler Dillman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Riverside kọ̀wé nípa irú rẹ̀ tuntun kan tí wọ́n rí lára àwọn tàràńtúlà ọ̀sìn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Tarantobelus jeffdanielsi, nítorí pé òṣèré Jeff Daniels ló ṣe dókítà inú fíìmù ọdún 1990 kan tí aláǹtakùn ti ń da ìlú láàmú. Àwàdà wà nínú orúkọ náà, kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹranko náà lè darí eyín rẹ̀ mọ́, ebi ni yóò sì fi pa á fún oṣù mélòó kan. Kò tíì ní oògùn. Bí ẹ bá rí àmì yìí, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, ẹ má ṣe lo ohun èlò rẹ̀ fún òmíràn, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Ẹ lè máa bi mí léèrè dókítà. Dókítà ẹranko wà ní Èkó, iṣẹ́ ajá, adìẹ, àgbò àti ewúrẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èyí tó mọ aláǹtakùn ṣọ̀wọ́n níbi gbogbo láyé. Ẹni tí ike náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni dókítà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ènìyàn dúdú kì í bá aláǹtakùn ṣe pọ̀, kí ó gòkè lọ sí ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Lórí òkè Mambila ní Ìpínlẹ̀ Taraba, àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìhà Kamẹrúùnù, ni àwọn ènìyàn Mambila ń gbé. Wọ́n ní ọ̀nà ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní nggam, aláǹtakùn inú ihò, ọ̀kan lára àwọn Hysterocrates tí mo dárúkọ lókè, ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Awo á fi ìkòkò tí kò ní ìdí bo ẹnu ihò, á to àwọn ewé tí wọ́n ti gé àmì sí lára sínú rẹ̀ pẹ̀lú igi kékeré kan àti òkúta kan, á béèrè ìbéèrè, á sì bo ìkòkò náà. Aláǹtakùn á jáde, á tú àwọn ewé ká. Bí wọ́n ṣe dúró sí igi àti òkúta náà ni ìdáhùn. David Zeitlyn, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Yunifásítì Oxford, ti ń lọ bá àwọn awo wọ̀nyí ní abúlé Somié láti ọdún 1985, ó sì ti kọ púpọ̀ nípa wọn.

Ìmọ̀ Ifá tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo kì í pebi, kì í sì í bọ́ awọ. Ti Mambila ní ẹ̀mí. Ohun tí mo sì ń wò jù ni pé inú ihò tí aláǹtakùn ń gbé ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, aláǹtakùn inú ihò á gbẹ́ ilẹ̀ wọlé lọ títí yóò fi kan ibi tó rin. Èyí tó wà nínú ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìbà kò lè gbẹ́ ibì kankan lọ. Ike ni yóò kàn. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, tí ètè gbogbo wa ń là, kò sí ìrì tí yóò sẹ̀ sí i, kò sí òjò tí yóò rọ̀ fún un, àfi èyí tí ẹnì kan bá rántí bù.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tí àánú bá ti ń ṣe. Tàràńtúlà ilẹ̀ Áfíríkà kì í gbọn irun ara sí ọ̀tá bíi ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bíbù jẹ ni tirẹ̀, ó sì yára. Oró Stromatopelma lè mú kí iṣan máa fà fún ọjọ́ mélòó kan. Oró Heteroscodra maculata ń roni débi pé àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí David Julius ní San Francisco lò ó láti fi wádìí bí ara ṣe ń mọ ìrora. Ọdún 2016 ni ìwé wọn jáde, Julius fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021 fún àwọn iṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́. Nítorí náà, páálí àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò, kí ìdérí ike ní ohun tí a fi ń tì í, kí ọmọdé má sì dé ibẹ̀. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ó ku ìgbà tí ẹni tó ni ín bá sọ pé òun kò padà wá mọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ tú u sílẹ̀ sínú igbó ẹ̀yìn LASU. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè, kò mọ igbó wa. Bí ó bá sì jẹ́ tiwa, ẹ kò mọ inú igbó tí ó ti wá, ẹ kò sì mọ àrùn tí ó gbé. Ẹ má sì gbé e kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè, nítorí àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ dáàbò bo irú tàràńtúlà mélòó kan, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Ẹ wá ẹni mìíràn tó ń sin ín, tàbí kí ẹ bi àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì bóyá wọ́n mọ ẹnì kan.

Kí ẹ tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ kọ ohun mẹ́rin sínú ìwé pélébé: orúkọ irú rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tó bọ́ awọ gbẹ̀yìn, ọjọ́ tó jẹun gbẹ̀yìn, àti bóyá wọ́n ti fín oògùn sí yàrá tó wà rí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe mọ́ ìdérí, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń pààrọ̀ ìdérí.